Bí A Ṣe Ń Gba Orin Àwọn Àgbà Sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Okun

Bí ẹ bá jókòó ti ìyá àgbà kan ní Ìsánlú tàbí ní Ìyàrà, ní ilẹ̀ Okun tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogi, tí ẹ gbé fóònù síwájú rẹ̀, tí ẹ sì ní kí ó kọ orin àtijọ́ fún yín, ó ṣeé ṣe kí ó dá yín lóhùn pé òun kò rántí orin kankan mọ́. Kò purọ́. Ara iṣẹ́ ni orin wọ̀nyí ń gbé: ara ọlọ, ara odó, ara ọmọ tí a ń pọ̀n, àti ara àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń gbè é. Èmi fúnra mi fi odidi ọ̀sán kan ṣòfò kí n tó mọ èyí. Mo bi ìyá bàbá mi ní ìbéèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò sì rí nǹkan kan sọ. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, tí ó gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀ tí ó ń bó o, orin méje ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kí abọ́ tó kún, fóònù mi sì wà nínú yàrá níbi tí mo ti fi í sí ṣájì.

Nítorí náà, ẹ má ṣe wá orin lọ. Iṣẹ́ ni kí ẹ wá lọ. Ẹ béèrè nínú ẹbí pé ta ni ó ṣì ń lọ ata lórí ọlọ, ta ni ó ṣì ń gúnyán fún ogúnlọ́gọ̀ àlejò, ta ni ó ṣì mọ bí a ṣe ń pa ìtàn fún ọmọdé lálẹ́. Ẹ lọ bá a ṣe iṣẹ́ náà, kí ọwọ́ yín náà dí. Bí ẹ bá wà ní Bùnú tàbí ní Ìjùmú, ẹ bẹ ìyá àgbà kí ó kó aṣọ àtijọ́ jáde nínú àpótí. Aṣọ a máa fa orin yọ lọ́nà tí ìbéèrè kò lè gbà fà á, nítorí pé obìnrin tí ó bá di kíjìpá tí wọ́n fi gbé e níyàwó mú yóò rántí ẹni tí ó hun ún, yóò rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ ró o, orin ọjọ́ náà yóò sì tẹ̀ lé e. Ní Bùnú, aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò, èyí tí a mọ̀ mọ́ ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá, wúwo ju kí a kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Ẹ dúró kí onílé fúnra rẹ̀ mẹ́nu kàn án. Ní Ògìdì, ìlú Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ àdìrẹ nì, níbi tí iṣẹ́ òfì kò tí ì parẹ́, ẹ lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òfì láti àárọ̀ kí ẹ sì gbọ́ ohun tí ìró rẹ̀ ń fà jáde lẹ́nu àwọn tí ń hun.

Ohun kejì ni pé kí ẹ má ṣe gba orin lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo bí ẹ bá lè rí ẹni mẹ́ta. Orin ilẹ̀ wa ní lílé, ó sì ní ègbè. Ẹni tí ń lé e lè gbàgbé ibi tí ó kàn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn elégbè bá ń gbè é lọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fún un láyè láti mí, láti ronú, kí ó sì rí ọ̀rọ̀ tí ó kàn mú. Ìdí nìyí tí orin fi ń pẹ́ nínú ìrántí ju ọ̀rọ̀ lásán lọ: ìlù, àtẹ́wọ́ àti ègbè ni wọ́n jọ ń gbé e. Ẹ kó àwọn ìyá tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ jọ, ẹ wá nǹkan ìpanu sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù máa gba ohùn lọ nígbà tí wọ́n bá ń bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ orin. Iyàn yẹn ni ìṣura tòótọ́. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ pé, "Rárá o, ní ilé tiwa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ń wí i," ibẹ̀ sì ni ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín ti tó. Ẹ pa gbogbo ìpè àti íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ìpè má baà já orin sí méjì. Ẹ gbé e lé orí aṣọ tí a ká, kì í ṣe orí tábìlì lásán, nítorí tábìlì a máa gba ìró ọwọ́ àti ti abọ́. Kí ó jìnnà sí ẹnu ẹni tí ń lé orin tó ìwọ̀n apá kan, kí ó sì wà láàárín òun àti àwọn elégbè. Ẹ sá fún ẹ̀rọ amúnáwá àti fáànù. Bí òjò bá ń bọ̀, tí ilé sì jẹ́ ti páànù, ẹ dá iṣẹ́ dúró, nítorí kò sí ọgbọ́n kankan tí a lè fi yọ ìró òjò orí páànù kúrò nínú orin. Bí fóònù yín bá gbà á, ẹ yan WAV dípò irú fáìlì tí a ti fún pọ̀. Wákàtí kan lè gba bíi mẹ́gábáìtì 600, nítorí náà ẹ fi mẹ́mórì káàdì sí i tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi ohùn orí WhatsApp ṣe àkọ́gbà, nítorí pé ó máa ń fún ohùn pọ̀, ohun tí ó bá sì ti jáde kúrò nínú rẹ̀ kì í padà. Ẹ lè fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹbí lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́, ìlú àti orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ sínú fóònù, kí ẹ sì béèrè láṣẹ lọ́wọ́ wọn ní gbangba kí ohùn wọn náà wọlé. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé a lè fi èyí sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ tó wà ní Àbújá? Ṣé a lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ìbéèrè méjèèjì yàtọ̀ síra wọn, ẹni tí ó bá sì gba èyí àkọ́kọ́ lè kọ èkejì. Àwọn orin kan wà tí kò yẹ kí ẹ gbà rárá. Àwọn obìnrin Ofosi, ẹgbẹ́ awo àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Okun, ní èdè àṣírí tiwọn, ẹni tí kò sí nínú wọn kò sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Àwọn orin egúngún kan náà wà tí obìnrin kò gbọdọ̀ sún mọ́. Bí àgbàlagbà bá dákẹ́ lójijì nígbà tí ẹ béèrè nǹkan, ẹ má ṣe tún un béèrè. Ẹ tún kíyè sí orin èébú: bí orúkọ ènìyàn tí ó ṣì wà láàyè tàbí ti ìdílé kan bá wà nínú rẹ̀, ẹ pa á mọ́ fún ẹbí nìkan. Ìjà àwọn ìyá ìyá wa kò gbọdọ̀ tún dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ wọn lórí Facebook.

Lẹ́yìn orin ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yìí ni àwọn ènìyàn sì ń fò kọjá. Orin tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín, tí a kò mọ ìgbà tí a ń kọ ọ́ tàbí ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe nígbà náà, kò yàtọ̀ sí ariwo tí ó dùn. Ẹ bi olórin pé lọ́wọ́ ta ni ó ti kọ́ ọ, ọmọ ọdún mélòó ni òun nígbà náà, ta ni ó máa ń bá a gbè é. Ẹ má ṣe bi í léèrè ọdún, nítorí kò ní mọ̀ ọ́n, bí ó bá sì sọ ọ̀kan, ó lè jẹ́ láti fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni kí ẹ fi ṣe òpó. Ṣé pọ́n-ùn ni a ń ná nígbà náà tàbí náírà? Náírà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Ṣé ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà rìn tàbí òsì? Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a yí i padà. Ṣé abẹ́ Kwara ni a wà tàbí abẹ́ Kogi? Kwara di ìpínlẹ̀ ní ọdún 1967, Kogi sì yọ jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ní apá Yàgbà, ẹ lè béèrè bóyá orin náà ti wà kí òyìnbó ajíhìnrere Titcombe tó dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ọdún 1908, tàbí bóyá àwọn òbí olórin ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ìbéèrè ti Titcombe yẹn ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa dàgbà sínú ìjọ, wọ́n sì kọ́ wọn pé orin ayé ni orin ilé. Bí ìyá bá sọ pé òun ti di onígbàgbọ́, ẹ má ṣe bá a jiyàn ẹ̀sìn. Ẹ béèrè ohun tí ìyá tirẹ̀ máa ń kọ. Láti rántí ìyá ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìjọ kankan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni orin sì máa ń gba ojú ọ̀nà yìí jáde.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orin tí ó bá mẹ́nu kan Tápà. Ogun Tápà da ilẹ̀ Okun rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó sì sá gun orí òkè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company wọ Kàbà, wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà nínú oṣù kan náà. Ṣùgbọ́n pé orin kan ń sọ̀rọ̀ ogun yẹn kò fi hàn pé ẹni tí ó dá a rí ogun náà. Ẹni tí a bí lẹ́yìn ogun lè dá orin ogun. Ẹ kọ ohun tí olórin wí sílẹ̀, kí ẹ kọ èrò tiyín sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ bí ẹnu ṣe wí i. Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ kò sọ̀rọ̀ bákan náà, kò sì sí ẹni tí ó bẹ̀ yín pé kí ẹ tún èdè ìyá ìyá yín ṣe kí ó lè jọ ti ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ fi àmì ohùn sí i, nítorí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ ń tọ ara wọn lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí kò bá ní àmì sì lè di ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ẹni tí yóò kà á ní ogún ọdún sí i. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí olórin fúnra rẹ̀ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi ìtumọ̀ tí ẹ rò dí àlàfo náà. Àwọn Yàgbà ní orin tí wọ́n ń pè ní Ìrègún. Ẹni tí ó bá fi etí Ọ̀yọ́ gbọ́ orúkọ yẹn yóò rò pé wọ́n ń fi oore ṣe ẹnì kan ní ẹ̀gàn. Ẹ jẹ́ kí onílé túmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀.

Ní ti ìpamọ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ fi ọdún, oṣù, ọjọ́, ìlú àti irú orin sọ fáìlì lórúkọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí Google Drive, ọ̀kan nínú fláàṣì tí kò sí ní ilé kan náà. Ẹ má ṣe gé àkọ́gbà. Bí ẹ bá fẹ́ gé, ẹ̀dà ni kí ẹ gé. Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wọ inú ìwé ohun àjogúnbá UNESCO láti ọdún 2008, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò rò pé ẹnikẹ́ni yóò ti oríléeṣẹ́ wọn ní Paris wá gba orin ìgúnyán ilé yín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ padà lọ sí ilé náà kí àwọn tí ó kọ ọ́ tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ ra rédíò kékeré tí ń gba mẹ́mórì káàdì, irú èyí tí àwọn bàbá ń gbé lọ sí oko, kí ẹ to orin náà sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ sì fi bọ́tìnì tí yóò máa tẹ̀ han ìyá àgbà. Bí ó bá ń gbọ́, yóò dá rédíò dúró, yóò ní ẹni kejì òun ṣi ègbè kọ níbẹ̀, yóò sì tún un kọ. Kí fóònù yín má ṣe wà ní ṣájì nígbà náà.