Wọ́n Gbowó Iṣẹ́, Wọn Ò De Awò Ìbọn Mi Le

Páálí ọta ìbọn ọdẹ mi (.308 ni wọ́n ń pè é) kan, 20 péré ló wà nínú rẹ̀, lé ní 30 dọ́là níbi tí mo ń gbé ní Houston. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí owó yẹn ló ń dùn mí jù. Mo yin páálí lórí páálí dànù sára pépà, ìbọn ò sì lárùn kankan. Ṣọ́ọ̀bù tó gbowó lọ́wọ́ mi láti de awò tuntun (gíláàsì orí ìbọn tí mo fi ń fojú sun nǹkan) mọ́ ọn ni kò dè é bó ṣe yẹ.

Àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín ni mò ń múra dè. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè Texas, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣí i. Mo gbé ìbọn lọ sí pápá ìyìnbọn, mo yọ bólútì (irin tó ń dí ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn), mo gba inú ọ̀pá ìbọn wo pépà, mo yí awò títí àmì inú rẹ̀ fi bá a mu. Ní 25 yáàdì, ó bá a níbi tó yẹ. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ gbogbo ìyẹn.

100 yáàdì ni wàhálà wà. Ọta fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀ fún adìẹ. Ihò kan sí èkejì tó íǹṣì mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ìbọn yìí kan náà, pẹ̀lú awò rẹ̀ àtijọ́, kì í ju íǹṣì kan ààbọ̀ lọ.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Mo fi àpò iyanrìn sábẹ́ ìbọn níwájú àti lẹ́yìn, kò yí padà. Wọ́n ní ọ̀pá ìbọn ló gbóná. Lóòótọ́, ọ̀pá ìbọn ọdẹ tín-ín-rín, ó sì máa ń tètè gbóná nínú oòrùn Texas, torí náà mo ń dúró kó tutù kí n tó yin òmíràn. Kò yí padà. Mo fọ inú rẹ̀ títí aṣọ fi ń jáde ní funfun. Mo kúrò lórí ọta 150 grain (ìwọ̀n bí orí ọta ṣe wúwo tó nìyẹn), mo bọ́ sórí 165. Kò yí padà. Níkẹyìn wọ́n ní kí n wá ra awò mìíràn tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ! Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ọta méjì á fara kan ara wọn, ọkàn mi á balẹ̀, ẹ̀kẹta á wá fò lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an.

Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Ṣakí, tó ti ń dọdẹ láti ilé, ló gbà mí. Ó wo àwọn pépà mi, ó ní, "Àbúrò, má yí awò yẹn mọ́. Tí ọta bá ń lọ sójú kan, tí kì í ṣe ojú ibi tó o fẹ́, ìgbà yẹn lo máa yí awò. Tó bá ń fọ́n ká báyìí, nǹkan kan ló ń mì."

A tú u. Òrùka tó di awò mú le dáadáa. Irin tí òrùka jókòó lé, sukúrù mẹ́rin ló dè é mọ́ ìbọn, gbogbo wọn sì le lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n yọ mẹ́ta, ó fi ti iwájú nìkan sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ti irin náà. Ó ń mì! Sukúrù ò ṣeé yí síwájú mọ́, irin sì ń mì lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tá a fà á jáde, ẹnu rẹ̀ ti tẹ́, ó ń dán níbi tó ti ń gún ọ̀pá ìbọn. Lórí irú ìbọn tèmi, ihò iwájú yẹn bọ́ sórí ìdí ọ̀pá ìbọn gan-an. Sukúrù tó bá gùn jù á ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ kó tó tẹ irin mọ́lẹ̀. Èyí tó kúrú jù nínú àwọn sukúrù náà ló wà fún ihò yẹn. Ẹ̀yìn ni ṣọ́ọ̀bù fi í sí. Ẹni tó ń gbowó lórí iṣẹ́ yìí ló yẹ kó mọ̀ ọ́n ṣáájú mi.

A fi sípírítì nu òróró kúrò, a dá sukúrù padà sípò wọn, a fi torque wrench (ìpánà tó ń wọn bí sukúrù ṣe le tó) fún wọn dé iye inch-pound tó wà nínú ìwé rẹ̀. A tún fún àwọn sukúrù tó de igi ìbọn mọ́ irin ìbọn lábẹ́.

Ọta mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, íǹṣì kan bò wọ́n! Inú mi dùn débi tí mo ya fọ́tò pépà náà. Wọ́n wà ní íǹṣì mẹ́ta nísàlẹ̀, méjì sí òsì. Ní 100 yáàdì, ìró kẹ́ kan tí awò mi bá dún bí mo ṣe ń yí i jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, torí náà mo yí i ní 12 sókè, 8 sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà mo fi 8 kún ti òkè, kí ọta lè lọ sójú ibi tí mo fẹ́ ní 200 yáàdì. Tó bá jẹ́ 25 yáàdì lẹ wà, fún iye íǹṣì kan náà, ìlọ́po mẹ́rin iye kẹ́ yẹn lẹ máa yí.

Kí ẹ tó yin ọta kan ṣoṣo, ẹ fi sukúrù kọ̀ọ̀kan dá irin abẹ́ awò yẹn dè, kí ẹ sì fọwọ́ tì í. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń bá yín ṣe é, ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín.

Mo gbé sukúrù náà lọ bá wọn, mo fi í lélẹ̀ lórí káúńtà. Wọ́n dá owó iṣẹ́ padà. Owó ọta, wọ́n ní kò kan àwọn. Mo ṣì ń bá wọn fà á.