Kéèkì álímọ́ńdì tí mo yan fún àǹtí mi

Àbúrò ọkọ mi obìnrin kì í fẹnu kan ohunkóhun tó bá ní àlìkámà nínú. Gluten, èròjà kan tó wà nínú àlìkámà, ni ara rẹ̀ ò gbà. Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ súnmọ́lé, mo ní èmi ni màá yan kéèkì, òun náà á sì jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ kàn yọ fúláwà kúrò nínú kéèkì tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ da ìyẹ̀fun álímọ́ńdì sí i. Èmi ò fara mọ́ ọn. Gluten ló ń mú kéèkì fúláwà dìpọ̀. Álímọ́ńdì ò ní in, òróró ló kún inú rẹ̀. Ó sàn kí ẹ wá kéèkì tí kò mọ fúláwà rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú tarta de Santiago, kéèkì àwọn ará Galicia ní Sípéènì: álímọ́ńdì, ṣúgà àti ẹyin, ó parí. Láti 2010 ni òfin Yúróòpù ti ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Bí álímọ́ńdì inú rẹ̀ ò bá tó ìdá 33 nínú 100, ẹ ò gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Owó ìyẹ̀fun tí wọ́n ti lọ̀ tẹ́lẹ̀ ga jù fún mi l'Ékòó, ni mo bá ra ọmọ rẹ̀ odidi. (Kì í ṣe fúrúùtù tí à ń fi òkúta fọ́ nígbà tí a wà ní kékeré o, igi ọ̀tọ̀ ni.) Mo rẹ ẹ́ sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú kan, mo sẹ́ omi rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, fìrì ló ń fò jáde nínú èèpo. Ọ̀kan fò wọ abẹ́ fíríìjì. Mo sá a títí ó fi gbẹ dáadáa. Nínú bílẹ́ńdà, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa yí lọ, òróró á jáde, á sì di bí ẹ̀pà lílọ̀. Mo da díẹ̀ lára ṣúgà mọ́ ọn kó má baà lẹ̀, mo sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́.

Gíráàmù 250 álímọ́ńdì, 250 ṣúgà, ẹyin ńlá 5, èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù tí mo rin, sínámọ́ọ̀nù díẹ̀. Ẹyin àti ṣúgà ni kí ẹ má kánjú lù: kó funfun, kó wú. Kò sí baking powder níbẹ̀, atẹ́gùn inú ẹyin ló máa gbé kéèkì dìde. Lẹ́yìn náà ni mo rọra fi ṣíbí ńlá da álímọ́ńdì pọ̀ mọ́ ọn.

Mo yan án ní 170°C fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Álímọ́ńdì máa ń tètè pọ́n, nítorí náà mo fi fóìlì bo orí rẹ̀ nígbà tó kọjá ìdajì. Ẹ má yọ ọ́ nínú páànù lórí gbígbóná, yóò fọ́.

Àwọn ará Galicia máa ń gé bébà bí àgbélébùú Jákọ́bù Mímọ́ lé e, wọ́n á wá gbọn ṣúgà lẹ́búlẹ́bú sórí rẹ̀. Mùsùlùmí ni àǹtí mi, ni mo bá gé nọ́ńbà ọjọ́ orí rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ta ló ní kí o kéde ọjọ́ orí mi?" Ó fi ìka gbá a nù kí àlejò tó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, kéèkì náà tilẹ̀ tún rọ̀ sí i. Ìyẹ̀fun tó ṣẹ́ kù wà nínú fírísà, torí òróró inú rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru.