Nígbà tí Salmonella kò bá wọ sẹ́ẹ̀lì: ìbéèrè àti ìdáhùn láti ìdí tábìlì láàbù

Ìdánwò kan ṣoṣo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí léèrè jù: èyí tí a fi ń mọ iye Salmonella, kòkòrò bakitéríà tó ń ba ìfun jà, tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì. A ó da kòkòrò náà sórí HeLa, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára Henrietta Lacks, ìyá tó kú ní Amẹ́ríkà ní 1951. A ó fi gentamicin, oògùn apakòkòrò kan, pa gbogbo kòkòrò tó ṣẹ́kù síta. A ó wá tú sẹ́ẹ̀lì náà ká, ká ka àwọn tó sá pamọ́ sínú. Gentamicin kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Orí ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ó rọrùn lẹ́nu.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é báyìí. SL1344, ẹ̀yà Salmonella kan, ni mo lò, a ò yọ jíìnì kankan lára rẹ̀, síbẹ̀ kọ́lónì (òkìtì kòkòrò) méje péré ló hù lórí àwo. Àbí kòkòrò mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé èyí tó sun inú ínkúbétọ̀ mọ́jú lo gbé, tí o sì dà á lé HeLa bẹ́ẹ̀. Salmonella tó sùn mọ́jú ti jẹun tán, ó ti dákẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ lára mọ́.

Abẹ́rẹ́ ni mo pè é o. Ní 1989, Jorge Galán àti Roy Curtiss kéde àwọn jíìnì inv tí Salmonella fi ń wọ sẹ́ẹ̀lì. Ní 1998, Galán àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé àwòrán ẹ̀rọ náà jáde: ìdí rẹ̀ rì sínú awọ kòkòrò, ẹnu rẹ̀ yọ síta, ihò sì wà láàárín rẹ̀. Ihò yẹn ni àwọn pùròtéènì bíi SopE ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì wa. Bí SopE bá ti wọlé, áktìnì, pùròtéènì tó ń gbé ara sẹ́ẹ̀lì ró, á sáré kóra jọ sábẹ́ awọ, awọ á wú, á ṣẹ́ bí etí aṣọ, á sì ká mọ́ kòkòrò náà títí yóò fi gbé e mì. Sẹ́ẹ̀lì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, SptP, pùròtéènì mìíràn tó gba ihò kan náà wọlé, á tún awọ náà tò bó ṣe wà, bí olè tó gbálẹ̀ yàrá kó tó jókòó sí i.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ agbára, kòkòrò kì í kàn kọ́ ọ kalẹ̀. Ó máa ń dúró de àmì ìfun: iyọ̀ tó pọ̀, atẹ́gùn tó kéré. Nítorí náà, ní àárọ̀, bu mílílítà kan lára èyí tó sùn mọ́jú sínú mílílítà 30 LB (omi oúnjẹ kòkòrò) tuntun, kí o sì jẹ́ kó dàgbà títí OD rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí omi náà ṣe ṣú tó, yóò fi tó nǹkan bí 0.9. Ó máa ń tó wákàtí mẹ́ta, àmọ́ bí iná bá lọ láàárín, má ka wákàtí, OD ni kí o wò. Kí iyọ̀ inú rẹ̀ tó 0.3 M, ìyẹn gíráàmù 17.5 nínú lítà kan. Ka ara ike LB rẹ dáadáa: irú ti Miller ní gíráàmù iyọ̀ 10 nínú lítà kan, irú ti Lennox ní 5 péré. Mo mọ láàbù kan tí wọ́n fi oṣù méjì di ẹ̀bi ru HeLa, ike ni wọ́n pààrọ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ti èmi yàtọ̀. Èyí tí mo yọ invA, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì inv, lára rẹ̀, tí kò yẹ kó lè wọlé, ń wọlé tó èyí tí a ò fọwọ́ kàn. Alábòójútó mi ní bóyá nǹkan tuntun ni mo rí.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kọ ìwé náà o. Nínú àwo oníhò 24 yín, ẹ fi ihò kan sílẹ̀ láìní HeLa. Ẹ da kòkòrò sí i, ẹ da gentamicin sí i bíi ti àwọn yòókù. Kò yẹ kí nǹkan kan hù níbẹ̀. Bó bá hù, kòkòrò yín kò wọ ibì kankan; gentamicin ni kò rí i pa. Kí ni wọ́n fi dí àyè invA? Bó bá jẹ́ aacC1, jíìnì tó ń gba kòkòrò lọ́wọ́ gentamicin, tàbí tó jẹ́ pBBR1MCS-5, òrùka DNA tó ní irú jíìnì bẹ́ẹ̀, ni ẹ fi gbé invA padà sínú kòkòrò, ẹ̀yin gan-an lẹ wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù gentamicin. Ẹ lo jíìnì tó ń gba kòkòrò lọ́wọ́ kanamycin, oògùn mìíràn, dípò rẹ̀.

Èmi náà ṣe é rí. Mo ti pe ọ̀gá mi, mo ti ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù, kí ojú mi tó bọ́ sára ike tí mo fọwọ́ ara mi kọ nǹkan sí: Gm, pẹ̀lú R kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn pé gentamicin kì í pa á.

Ìbéèrè: Kọ́lónì mi pọ̀ ní Monday, ó kéré ní Thursday. Ohun kan náà ni mo sì ṣe.

Ìdáhùn: Ọwọ́ ni. Ẹ da PBS, omi oníyọ̀ tí a fi ń fọ sẹ́ẹ̀lì, sí ẹ̀gbẹ́ ihò, ẹ má dà á lé sẹ́ẹ̀lì lórí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ṣí kúrò. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí Triton, ọṣẹ tí a fi ń tú sẹ́ẹ̀lì ká, tó kàn án, nítorí gentamicin tó bá ṣẹ́kù á pa àwọn tó ń jáde bọ̀. Kí ẹ sì yọ penicillin kúrò nínú oúnjẹ HeLa ṣáájú. SL1344 kò bẹ̀rù streptomycin, àmọ́ penicillin lè ṣe é ní jàǹbá.

Ìbéèrè: Mo tẹ̀ lé ohun tí ẹ sọ, mo wá fi macrophage, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé kòkòrò mì láti dáàbò bo ara, rọ́pò HeLa. Kó tó di wákàtí méjì, púpọ̀ nínú wọn ti kú.

Ìdáhùn: Ẹ gbé olóhun ìjà lọ bá ọlọ́pàá. Macrophage ní àwọn ẹ̀ṣọ́ NAIP tó máa ń dá abẹ́rẹ́ náà àti ìrù kòkòrò mọ̀. Wọ́n á ké sí pùròtéènì NLRC4, ẹ́ńsáìmù caspase-1 á jí, sẹ́ẹ̀lì á bẹ́, gentamicin á sì gba ibẹ̀ wọlé. Níbí, èyí tó sùn mọ́jú, tí mo ní kí ẹni àkọ́kọ́ má lò, òun gan-an ni kí ẹ lò. Macrophage á fúnra rẹ̀ gbé e mì.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe ará láàbù. Ọmọ mi ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Èsì àyẹ̀wò sọ pé gentamicin ń pa kòkòrò náà, wọ́n gún un, ibà kò lọ. Ṣé ayédèrú ni oògùn náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Irú Salmonella kan ló ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ó ṣeé ṣe kí oògùn náà jẹ́ ojúlówó. Lórí àwo àyẹ̀wò, ìta gbangba ni kòkòrò wà, gentamicin á bá a níbẹ̀. Nínú ara, inú sẹ́ẹ̀lì ló sá sí, nínú ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn, níbi tí gentamicin kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ohun tó ń jẹ́ kí ìdánwò wa ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí láàbù kọ ọ́ sínú èsì pé gentamicin ń ṣiṣẹ́ fún Salmonella. Azithromycin àti ceftriaxone wà lára ohun tí àwọn dókítà ń lò, àwọn ni yóò sọ èyí tó bá tirẹ̀ mu. Ẹ gbé ọmọ náà padà lónìí, ẹ mú ìwé èsì yẹn dání, kí ẹ sì fi ìka tọ́ka sí ìlà gentamicin náà fún wọn.