Bí olùkọ́ ṣe lè sún mọ́ ọmọ tó ti fẹ́ pa ilé ìwé tì

Ẹ mú ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ fi ìṣẹ́jú 2 bá a sọ̀rọ̀ lójúmọ́, fún ọjọ́ ìwé 10 léraléra, lórí ohun tó fẹ́ràn. Ẹ má mẹ́nu ba iṣẹ́ àṣetiléwá tàbí ẹ̀ṣẹ̀ àná. Ó lè má dáhùn níbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń jáwọ́, ọmọ á sì ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn ò ní dúró ti òun.

Tó bá pa ilé ìwé jẹ, “A retí rẹ lánàá” ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ìbáwí, níkọ̀kọ̀ ni.

Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ó bo àṣírí o. Tó bá ní wọ́n ń lu òun, ẹ sọ fún un ẹni tí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ náà tó létí, kí ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ náà.