Bí a ṣe ń kọ ìwà ipá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yín rèé. Aláìsàn gbá òṣìṣẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́, wọ́n rán ojú rẹ̀ nílé ìwòsàn, ọ̀gá ní, "Ẹ fi sílẹ̀, arúgbó náà kò mọ ohun tó ń ṣe." OSHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́, kò bèèrè bóyá ó mọ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló ti farapa. Ẹ kọ ọ́.

Èyí tó le jù lẹ ó kọ́kọ́ wò. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, wákàtí 8 péré lẹ ní láti fi tó OSHA létí. Bí wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀dì fún un nílé ìwòsàn, tí wọ́n gé ẹ̀yà ara rẹ̀, tàbí tí ó pàdánù ojú, wákàtí 24 ni. Ẹni tó gba ìtọ́jú ní yàrá pàjáwìrì tó sì padà sílé kò sí lára ìyẹn. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré lẹ ní? Òfin yìí mú yín síbẹ̀.

Ìwé ló kàn. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 10 lọ jálẹ̀ ọdún tó kọjá bọ́ nínú èyí. Ẹ̀yin yòókù, láàárín ọjọ́ 7 tí ẹ gbọ́, ẹ kọ ọ́ sínú Form 300 (ìwé tí a ń to gbogbo ìfarapa sí) àti 301 (ìròyìn kíkún nípa ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan), bí ìtọ́jú rẹ̀ bá ju fífọ egbò àti fífi báńdéèjì dì í lọ, bí ó bá dákú, tàbí bí kò bá lè wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ ìfipábánilò, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ sínú 300. "Privacy case" (ọ̀rọ̀ àṣírí) ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi orúkọ pa mọ́ sínú ìwé ọ̀tọ̀.

Èébú àti ìhàlẹ̀ tí kò mú egbò wá kì í wọ 300. Èmi ò ní tìtorí ìyẹn gbàgbé rẹ̀: ẹni tó halẹ̀ lónìí lè gbá èèyàn lọ́la, nítorí náà ẹ ní ìwé tiyín. Ní California, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú mọ́. Láti July 1, 2024, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìhàlẹ̀ pàápàá sílẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Tí ó bá di February 1, ẹ lẹ 300A, àkópọ̀ ìfarapa ọdún tó kọjá, mọ́ ibi tí òṣìṣẹ́ ti lè kà á, títí di April 30, ìbáà jẹ́ òdo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ fún ọdún 5. Òṣìṣẹ́ tó bá sì ní kí ẹ fún òun ní ẹ̀dà 300, kí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e tó parí ni kí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.