Ogun Kut: Àṣìṣe Tí Ẹ Kò Gbọdọ̀ Ṣe Bí Ẹ Bá Ń Sọ Ìtàn Rẹ̀

Ẹ má sọ Ogun Kut, tó wáyé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, bí ìjà ọjọ́ kan. Kut wà ní Ìráàkì, odò Tigris sì yí ìlú náà ká lápá mẹ́ta. Láti oṣù Kejìlá 1915 ni àwọn ọmọ ogun Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn Tọ́kì, ti sàga tì í, ó sì di ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin 1916 kí àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó há sínú rẹ̀ tó túúbá.

Èyí tó dùn mí jù ni kí a máa pè wọ́n ní "àwọn òyìnbó tó há sí Kut". Òyìnbó ni Townshend, ọ̀gágun wọn, ṣùgbọ́n ará Íńdíà ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ojú wọn rí màbo. Nígbà tí oúnjẹ ń tán lọ, ẹṣin ni wọ́n ń pa jẹ, ọ̀pọ̀ ará Íńdíà sì kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀sìn. Kò sí ẹran, kò sí ẹ̀fọ́, erìgì wọn ń wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ẹnikẹ́ni ò wá gbà wọ́n. Wọ́n wá, wọ́n sì kú. Townshend ránṣẹ́ pé oúnjẹ òun kò ní pẹ́ tán, ni Aylmer, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, bá kó ọmọ ogun sáré wá láìtíì múra tán. Ní Hanna, lójú ọ̀nà Kut, ọjọ́ 21, oṣù Kìíní 1916, òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, wọ́n ń wọ́ nínú ẹrẹ̀ lọ bá àwọn Tọ́kì nínú yàrà. Nǹkan bí 2,700 ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni Townshend tó ní kí wọ́n tú ilé dé ilé wò ní Kut, ọkà sì pọ̀ níbẹ̀! Ká ní ó ti yẹ àká wò kó tó figbe ta, ọ̀nà ìbá là fún Aylmer láti dúró de ọmọ ogun sí i. Nǹkan bí 23,000 ọmọ ogun ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ nínú gbogbo ìgbìyànjú láti gbà wọ́n, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 13,000 ni àwọn tó túúbá.

Ẹ má dá ìtàn náà dúró síbi tí wọ́n ti túúbá. Ilé kan ní erékùṣù lẹ́bàá Istanbul ni wọ́n fi Townshend sí, ara sì tù ú níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi da àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba inú aṣálẹ̀ lọ sí ìgbèkùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni kò sì padà délé.