Àgékù léèsì lórí táǹkì Boxer: bí ẹ ṣe lè kun màṣíìnì yín fúnra yín nílé

Gbogbo ìgbà tí mo bá páàkì màṣíìnì mi síwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí, ẹnì kan ṣáà máa bẹ̀rẹ̀ wo táǹkì ẹ̀, á fọwọ́ pa á, á ní ṣé sítíkà ni. Kì í ṣe sítíkà o. Léèsì ni, léèsì tí wọ́n fi ń rán bùbá yẹn gan-an, àgékù ẹ̀ ni mo tẹ́ lé orí ọ̀dà sílífà, mo wá fín ọ̀dà pupa gba orí ẹ̀, nígbà tí mo ká léèsì kúrò gbogbo òdòdó ara ẹ̀ ti dúró sójú táǹkì. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò lọ́ṣọ̀ọ́ ní California ti ń dá irú àrà yìí láti bí àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ta ló ní léèsì nílé tó wa? Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Àmọ́ ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, ọ̀dà fífín gan-an ló kéré jù nínú iṣẹ́ yìí, ìyókù, fífọ̀ àti fífi sáńpépà ha nǹkan ni, ẹni tí ò bá ní sùúrù ìyẹn kó yáa gbé tiẹ̀ lọ fún pénítà.

Ẹ kọ́kọ́ tú gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kùn kúrò lára màṣíìnì: táǹkì, sáídì kọ́fà méjèèjì, mọ́gáàdì. Ẹni tó bá ní kí ẹ kàn fi ìwé ìròyìn bo ẹ́ńjìnnì, ẹ má dá a lóhùn, ọ̀dà á wọ ibi tí ẹ ò fẹ́, kò sì ní dé ibi tí ẹ fẹ́. Lára Boxer, ẹ tú sítì, ẹ ti táàpù epo, ẹ yọ rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí kábúrétọ̀, ẹ tú bóòtù tó wà lẹ́yìn táǹkì lábẹ́ sítì, tó bá ní wáyà géèjì ẹ yọ ìyẹn náà, ẹ wá fà á sẹ́yìn, á bọ́ kúrò lórí rọ́bà tó jókòó lé níwájú. Ẹ da gbogbo epo inú ẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí: táǹkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo ẹ̀ nù léwu ju èyí tó kún lọ, torí òórùn epo tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ ló ń gbiná, kì í ṣe epo gan-an. Ẹ fi omi àti Omo fọ inú ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ sínú atẹ́gùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò gbọdọ̀ sí sìgá nítòsí, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń wẹ́ẹ̀dì irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi nọ́ọ̀lọ́nù àti pépà tépù dí ẹnu ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ fọ ara ẹ̀ kí ẹ tó fi sáńpépà kàn án. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i padà, wọ́n á kọ́kọ́ ha á, kí wọ́n tó wá fọ̀ ọ́, gíríìsì tó wà lójú ẹ̀ ni wọ́n fi ń ra inú ojú ibi tí sáńpépà ha. Kànkàn àti omi Omo lẹ máa kọ́kọ́ lò, tó bá gbẹ, ẹ fi tíńnà díẹ̀ sí aṣọ mímọ́ kan nù ún, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ mìíràn gbá a lẹ́yìn lójú ẹsẹ̀ kó tó fẹ́. Láti ìgbà yẹn lọ, ọwọ́ lásán ò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Táǹkì tí mo kọ́kọ́ kùn láyé mi, mo ṣe gbogbo ẹ̀ dáadáa, mo wá dúró jẹ àkàrà, mo nu ọwọ́ mi sí ṣòkòtò, mo padà gbé táǹkì sípò, mo fín ọ̀dà. Gbogbo ibi tí ìka mi kàn ló ń sá fún ọ̀dà, ó là sí ihò róbótó róbótó bí ojú ẹja, mo ha gbogbo ẹ̀ kúrò, mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Àkàrà igba náírà o.

Tí ọ̀dà àtijọ́ bá ṣì dì mọ́ irin dáadáa, kò sídìí tí ẹ fi máa ha á dé irin, ẹ kàn fi sáńpépà 320 (bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe ń ha nǹkan tó) pẹ̀lú omi pa dídán ẹ̀ títí tó fi máa rí bí ojú tí wọn ò fi ìpara sí. Ibi tó bá ti ń ṣí tàbí tó dípẹtà nìkan ni kí ẹ fi 80 ha dé irin. Ibi tó bá ti tẹ̀ wọnú lẹ máa fi bọ́dì fílà, ohun bí amọ̀ tí wọ́n ń pò, dí. Fílà tó bá tó ẹyin adìẹ, hádínà (èròjà tó ń mú un le) tó tó hóró ẹ̀wà méjì ti tó o, ẹ má rò pé tí ẹ bá fi púpọ̀ sí i ló máa dára, á máa sán, àwọ̀ hádínà sì lè jáde sójú ọ̀dà yín tó bá yá. Nínú oòrùn ọ̀sán ìṣẹ́jú bíi márùn-ún lẹ ní kó tó le, torí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó. Ẹ dúró bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi 80 sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú 180, kí ẹ wá fi 320 parí ẹ̀. Kí ẹ tó ní ó ti dọ́gba, ẹ dijú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ojú á tàn yín, ọwọ́ ò ní tàn yín.

Púráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, ló kàn, ẹ fín in lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sáàárín. Tó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ fín ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ káàkiri ojú ẹ̀ bí ẹni wọ́n iyẹ̀fun, kí ẹ wá fi 600 àti omi ha á. Ibi tí dúdú yẹn ò bá ti lọ, kòtò ló wà níbẹ̀. Ọgbọ́n tí ò ju èyí lọ ni àwọn pénítà àgbà ń lò, tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ sì ń fò ó.

Ọ̀rọ̀ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gọ́ọ̀nù ìfín-ọ̀dà ní atẹ́gùn, wá ńkọ́? Ẹni tó ní kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ẹlẹ́ṣin méjì (2 HP) pẹ̀lú gọ́ọ̀nù ẹnu mílímítà 1.3 tàbí 1.4, ọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré àìpáàsì-máì-nébọ̀ yẹn ò lè ta á, ẹ máa kàn sun ún ni, ẹ dúró de iná tàbí kí ẹ wá èyí tó lágbára. Ẹ so ohun tó ń gba omi mọ́ ìdí páìpù atẹ́gùn torí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ máa ń tu omi, pàápàá ní ilẹ̀ wa tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀. Ẹni tí ò ní, ọ̀dà inú agolo alátẹ̀ náà á ṣe é, mo ti fi ṣe sáídì kọ́fà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ẹ kàn rí i pé kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán) tí ẹ máa fi parí ẹ̀ jẹ́ èyí tó ní hádínà, ìdí ẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á jẹ́ kí ọ̀dà funfun bí ẹni tí ò para. Àárọ̀ tí ìrì bá ti gbẹ tán, bí agogo mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, ni tèmi. Mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ yíká kí eruku má dìde, mo sì máa ń fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àtijọ́ ṣe bí àgọ́ kékeré lórí iṣẹ́ náà. Ẹ má fín in lálẹ́ pẹ̀lú gílóòbù o, gbogbo kòkòrò àdúgbò ló máa wá bá yín ṣe é.

Nǹkan míì tí mi ò ní fi bò: kílíà àti púráímà tó bá ní hádínà, èròjà kan wà nínú ẹ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ òórùn ẹ̀ kó tó ṣe é léṣe. Ìbomú kòrónà yẹn ò lè ṣe nǹkan kan. Ìbomú rọ́bà tó ní àgolo méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà, lẹ máa rà, ẹ fi gọ́ọ̀gùlù bojú, ẹ wọ gílọ́ọ̀fù. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kó má ṣe é rárá, kó lé àwọn ọmọdé kúrò láyìíká pẹ̀lú.

Ó yá, léèsì dà? Ẹ lọ bá télọ̀, wọ́n máa ń kó àgékù dà sínú àpò lábẹ́ màṣíìnì ìránṣọ wọn, wọ́n á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe gbogbo léèsì ló dára fún un o. Kọ́ọ̀dì léèsì ti nípọn jù, ọ̀dà á máa yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀. Olókùúta àti onísíkíńnì ò lè lẹ̀ mọ́lẹ̀. Onínẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́, tí òdòdó ẹ̀ fẹ̀, tí ihò ẹ̀ sì ṣí dáadáa, òun ni baba, dráì léèsì oníhò náà dáa tí ẹ bá fẹ́ tó-tò-tó kéékèèké. (Àwọn ará Lustenau ní Austria ni wọ́n ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú léèsì tí àwọn ìyá wa fi ṣe fàájì láti àwọn ọdún 1960 wá, mi ò rò pé wọ́n fọkàn sí táǹkì ọ̀kadà.) Ẹ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì àti òwú tó ń já kúrò, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́.

Ẹ fín sílífà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta sórí púráímà. Ẹ má tètè tẹ́ léèsì lé e o, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa fín kílíà kan lé sílífà, màá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, màá fi sáńpépà 800 pa dídán ẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí náà tí léèsì bá bàjẹ́ mo lè nu ọ̀dà yẹn kúrò láìkan sílífà. Ẹni méjì ló máa tẹ́ léèsì: ọ̀kan dì í mú, èkejì fà á kó le bí awọ ìlù, kí ẹ fi pépà tépù mú etí ẹ̀ sí abẹ́ táǹkì níbi tí ojú ò dé. Ibi tó bá ti dẹ̀, ibẹ̀ ni àwòrán á ti rú.

Ọ̀dà tó ń gba orí léèsì gbọ́dọ̀ gbẹ díẹ̀ kó tó dé ojú táǹkì. Ẹ dín atẹ́gùn kù, ẹ jìnnà bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì tó nà, ẹ dojú gọ́ọ̀nù kọ ọ́ tààrà, ẹ má dá a sí ẹ̀gbẹ́, tí ẹ bá fín in látẹ̀gbẹ́ ó máa wọ abẹ́ òwú. Fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dúró, fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dúró. Tí ẹ bá rí i tó ń dán, tó ń tutù, ẹ ti fín in jù. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ mú etí kan, ẹ gbé e sókè ṣánṣán, ẹ má wọ́ ọ. Òwú ló dáàbò bo sílífà, nítorí náà òdòdó á jẹ́ sílífà, ilẹ̀ ẹ̀ á sì jẹ́ pupa.

Tí pupa yẹn bá jẹ́ kándì, ìyẹn ọ̀dà tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ tún lè fín kan fẹ́ẹ́rẹ́ sórí gbogbo ẹ̀ kí òdòdó náà fi pupa díẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kándì ní wàhálà tiẹ̀: gbogbo ìgbà tí ẹ bá fín in ló ń dúdú sí i, nítorí náà ẹ ka iye ìgbà, tí táǹkì bá jẹ mẹ́rin, sáídì kọ́fà náà jẹ mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ò ní jọra. Oòrùn sì máa ń jẹ pupa kándì, ẹ má máa páàkì síta gbangba látàárọ̀ dalẹ́.

Ẹni tí ò bá fẹ́ léèsì, nọ́ọ̀lọ́nù lè ṣe bí òkúta mábù: ẹ fín dúdú, kó gbẹ, ẹ fín sílífà tó ṣì tutù lé e, kí ẹ rún nọ́ọ̀lọ́nù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ yọ ọ́ kíá. Ìṣẹ́jú kan, ó tán. Fílékì tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí ní tiẹ̀, mi ò fẹ́ràn ẹ̀, ẹnu gọ́ọ̀nù tó tóbi ló ń fẹ́, kílíà tó ń jẹ sì pọ̀ jù kí ojú ẹ̀ tó tẹ́jú.

Kílíà ìparí: ẹ ka ara agolo, èyí tó wọ́pọ̀ ni kílíà méjì sí hádínà kan, ẹ fi ike tó ní nọ́ńbà wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Mo sọ pé kó ní hádínà torí pé ọjọ́ tí ẹ bá ń ra epo, tí ọmọ iléepo bá da díẹ̀ sójú táǹkì, kílíà tí ò ní hádínà á yọ́ lójú yín. Ẹ fín in lẹ́ẹ̀mẹta, èkíní fẹ́ẹ́rẹ́, kí méjì tó kù tutù. Tó bá ṣàn, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, tó bá gbẹ sáńpépà 1500 á gbé e. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, 2000 pẹ̀lú omi ọṣẹ, kí ẹ wá fi kọ́ḿpáùǹdì, ìpara tí wọ́n fi ń dán ojú ọ̀dà, dán an. Ẹ fún un tó ọ̀sẹ̀ kan kí epo tó kàn án.

Àwọ̀ màṣíìnì wà nínú ìwé ẹ̀ o, tí ẹ bá ti yí i padà láti dúdú sí pupa ẹ lọ tún un ṣe ní láísẹ́ǹsì ọ́fíìsì, kí ẹ má lọ máa ṣàlàyé léèsì fún ọlọ́pàá lójú títì.

Ẹ sì bèèrè kí ẹ tó gé aṣọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò, inú àpótí màámi ni mo ti rí i, mo rò pé àgékù ni. Wọ́n jáde lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúró wo táǹkì, wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní: "Ṣé kì í ṣe aṣọ ẹbí tí a fi sìnkú bàbá wa rèé?" Mo ní òun ni, màámi. Wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n ní kí n gbé àwọn dé ọjà.